Ọwọ́ Ara Páálí Oògùn

Èmi ni mo ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọnà
ní ìlú Łódź, níbi tí iléeṣẹ́ òwú ti kú
tí èéfín rẹ̀ ò sì kúrò lára bíríkì.
Láti Ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, àwọn ọmọdé ló ni ín,
àwọn tí irun wọn ń pupa lónìí, tó ń di àwọ̀ ewé lọ́la.
Ṣùgbọ́n ní Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán,
àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ a dé,
oorun odidi ọ̀sẹ̀ a ṣì so mọ́ ìpéǹpéjú wọn.

Ireneusz, tó ń tan iná sí àwọn òṣèré lórí ìtàgé,
kò tíì sùn láti àná;
ó buwọ́ lùwé, ó kọ ọjọ́ àná síbẹ̀.
Kinga a máa ya fọ́tò ìgbéyàwó;
ìrẹsì tí wọ́n dà sí ìyàwó lórí
ṣì ń já bọ́ látinú báàgì rẹ̀ sórí tábìlì mi.
Mo gbá a. Mi ò wí nǹkan kan.
Ẹni tó ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún olówó,
tó tún kó owó yẹn wá fi ra ara rẹ̀ padà,
a kì í bá irú wọn jà nítorí ìrẹsì.

Bogna ń wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ láti Kutno.
Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń ya ọwọ́
sára páálí oògùn:
ọwọ́ tó ń ṣí ìgò,
ọwọ́ tó ń kán oògùn sínú ṣíbí,
ọwọ́ mímọ́ tónítóní, tí kò ní àpá,
tí kò ní ẹni tó ni ín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Zdzisława wo iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé wá,
ó wò ó títí tíì mi fi di omi tútù
(mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣe bí ẹni fẹ́ ti fèrèsé),
ó ní, "Ó dára. Ta ló ní kí o yà á?"
Bogna lanu, kò rí ọ̀rọ̀ fi sí i.
Ẹni tó ti ń jíṣẹ́ fún oníbàárà láti ìgbà èwe,
bí wọ́n bá ní kó rán ara rẹ̀ níṣẹ́,
ọ̀nà ibo ló máa gbà?

Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó ti kánfáàsì funfun.
Ó gbẹ́ pẹ́ńsùlù títí pẹ́ńsùlù fi di kùkùté.
Lọ́jọ́ kan ó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo nà án sí i.
Kò gbà á. Ọwọ́ mi ló ń wò.

Ìka mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún mi.
Ẹ̀rọ ìhunṣọ ló jẹ méjì yòókù nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún,
nínú ilé yìí gan-an, kó tó di ilé ọnà;
ibi tí wọ́n ń to ère sí lónìí ni ẹ̀jẹ̀ mi kán sí.
Mi ò kì í fi han èèyàn. Àpò ṣòkòtò ni ilé rẹ̀.
"Ọ̀gbẹ́ni Wacław," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú un kúrò."

Sọ́ńdè mẹ́fà ni mo fi jókòó bí ọmọ tí wọ́n ń fá lórí,
yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé.
Kò bi mí bó ṣe dùn mí tó.
Ó bi mí pé kí ni ọwọ́ náà fẹ́ràn láti dì mú.
Mo ní búrẹ́dì gbígbóná.
Mo ní etí ajá mi, nígbà tó wà láyé.
Mo dárúkọ nǹkan kẹta, mi ò ní tún un dá níbí.

Nínú oṣù Kẹfà wọ́n gbé e kọ́ ògiri,
ó ga ju ilẹ̀kùn lọ.
Àwọn olùdánwò ń sọ èdè ńláńlá.
Kinga ń sunkún, àmọ́ Kinga kì í ṣàì sunkún.
Èmi dúró lẹ́yìn wọn tìgbálẹ̀-tìgbálẹ̀.
Mi ò sọ pé ó lẹ́wà.
Mo ní ó jọ mí.

Lọ́jọ́ Ajé, Bogna padà sẹ́nu iṣẹ́:
wọ́n fẹ́ ọwọ́ tuntun fún oògùn ikọ́.
Ó yà á. Ó fi àpá kan sí àtàǹpàkò rẹ̀,
kò tó irun ìpéǹpéjú.
Wọn ò rí i, tàbí wọ́n rí i, wọ́n gbójú fò ó.
Mi ò húkọ́ láti ìgbà òtútù.
Mo ti ra páálí mẹ́rin.